Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Rí Ohun Ìkọ́ni Tó Dáa Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Kí Dátà Má sì Jóná Lásán

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Ilé-Ifẹ̀, Modákẹ́kẹ́, Iléṣà àti àwọn abúlé tó yí wọn ká, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí ṣáá: "Ibo gan-an ni kí n wọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí màá fi rí nǹkan tuntun kọ́ àwọn ọmọ?" Àwọn kan á fi kún un pé àwọn wá a títí, fídíò apanilẹ́rìn-ín ni àwọn kó bọ̀.

Kí ẹ tó béèrè ibo, ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ni. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá, ìkànnì mẹ́ta péré tó o fún odindi sáà ẹ̀kọ́ kan. Nítorí náà, orí bébà ni màá ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó dárúkọ ìkànnì kankan.

Fóònù Android kan, dátà díẹ̀, iná tó ń wá tó ń lọ, kíláàsì tó kún: ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí ilé-ìwé yín bá ní purojẹ́kítọ̀ àti sólà, tiyín tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

## Kí ẹ tó tan dátà

Ẹ mú síkíìmù sáà yìí àti ìwé pélébé kan. Kò gba àkókò.

1. Ẹ kọ àkòrí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà nínú síkíìmù. Ẹ má kọ "Ìṣirò" lásán. Ẹ kọ "Ìdá: fífi ìdá wé ara wọn, Pírámárì 4."
2. Ẹ kọ ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣì í sí abẹ́ rẹ̀. Ní ti ìdá, ọ̀pọ̀ ọmọ gbà pé ìdá kan nínú mẹ́jọ tóbi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, torí pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yín wà.
3. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ ṣaláìní. Ṣé àwòrán ni? Ìtàn? Ìbéèrè ìdánrawò? Ọgbọ́n tí olùkọ́ mìíràn dá sí i? Àbí ẹ̀yin fúnra yín ni ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé dáadáa? Kò sí ìtìjú níbẹ̀ o. Mélòó nínú wa ni wọn ò gbé iṣẹ́ tí a kò kà ní NCE lé lọ́wọ́ rí?
4. Ẹ kọ ohun tó wà nílẹ̀ ní kíláàsì: iye ọmọ, bọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀kì, ìdérí ìgò, okùn, bébà àlòkù. Ohunkóhun tí ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé fi nǹkan wọ̀nyí ṣe, kì í ṣe tiyín lọ́sẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ẹni tó bá fò ó ló máa bá ara rẹ̀ lórí TikTok láago méjìlá òru, tí kò sì ní rántí ohun tó gbé e débẹ̀.

## Bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ Google

Bí ẹ bá tẹ `primary 4 mathematics lesson note`, ohun tí ẹ máa rí ni àwọn ìkànnì tó ń da ara wọn kọ, ìpolówó á sì bo ojú fóònù. Ọ̀nà tó sàn nìyí:

1. Ẹ tẹ àṣìṣe àwọn ọmọ, ẹ má tẹ àkòrí nìkan. Dípò `fractions`, ẹ tẹ `comparing fractions common misconceptions`. Àwọn olùkọ́ tó ti bá ìṣòro yín pàdé ni èyí máa gbé jáde.
2. Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, Yorùbá fún àlọ́, òwe àti gírámà. Ohun tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì lórí sáyẹ́ǹsì pọ̀ ju ti Yorùbá lọ fíìfíì.
3. Ẹ fi `filetype:pdf` sí ìparí bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ lè tẹ̀ jáde: `comparing fractions activity filetype:pdf`.
4. Ẹ fi `site:` dí i mọ́ ìkànnì kan tí ẹ bá ti mọ ibi tó dáa: `fractions site:phet.colorado.edu`.
5. Ẹ fi àmì ìyọkúrò lé ohun tí ẹ kò fẹ́ jáde. `fraction chart -pinterest` kò ní kó Pinterest bá yín.
6. Ẹ fo ohunkóhun tí wọ́n bá kọ "Sponsored" sí lórí. Owó ni wọ́n san kí ó lè wà lókè.
7. Ẹ ṣí mẹ́ta péré. Ẹ ka ìlà mélòó kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ti dáhùn ohun tó wà lórí ìwé yín, ẹ pa á dé.

Ẹ rántí Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó tẹ̀ lé aṣọ tó tà láwìn: orí ìlóṣòó ló wà títí owó fi jáde. Irú ìlóṣòó bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ lọ́ ti ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn. Ẹ má dìde lọ sí òmíràn.

Ẹ kíyè sí kíláàsì tí wọ́n kọ sí ara iṣẹ́ tí ẹ bá rí. Grade 4 ti Amẹ́ríkà àti Year 5 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sún mọ́ Pírámárì 4 tiwa. Bí ẹ bá lọ gbé Year 4 torí pé nọ́ńbà bára mu, ó lè rọrùn jù fún wọn.

## Àwọn ibi tí mo lè tọ́ka sí

### PhET, fún sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò

Bí ẹ bá ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé tí làábù rẹ̀ jẹ́ orúkọ lásán, ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Colorado Boulder ní Amẹ́ríkà ló ni ín. Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì tó gba ẹ̀bùn Nobel, ló dá a sílẹ̀ ní 2002. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe fídíò tí à ń wò lásán. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa fi ọwọ́ gbé bátìrì, wáyà àti gílóòbù lójú fóònù, ẹ ó so wọ́n pọ̀, gílóòbù á tàn. Ẹ yọ bátìrì kan, iná á rẹlẹ̀. Ẹ já wáyà, iná á kú.

Ẹ wá `Circuit Construction Kit: DC` fún iná mànàmáná, `Fractions: Intro` fún ìdá, `Build an Atom` àti `Balancing Chemical Equations` fún kẹ́mísìrì.

Bí a ṣe ń fi fóònù kan ṣoṣo lò ó fún kíláàsì tó kún:

1. Ẹ ṣí i nílé, kí ẹ fúnra yín fi ṣeré títí á fi mọ́ yín lára.
2. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù láti ojú-ewé rẹ̀. Buráúsà á ṣí i láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìyẹn bá ṣòro, ẹ ṣí i tán nílé kí ẹ má pa á dé títí ẹ ó fi dé kíláàsì. Kí ẹ wá pa dátà láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.
3. Ní kíláàsì, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sí bọ́ọ̀dù kí ẹ tó mú fóònù jáde. Ẹ bi wọ́n pé: "Tí mo bá fi bátìrì kejì kún un, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí gílóòbù?" Kí wọ́n nawọ́. Ẹ kọ iye àwọn tó ní yóò tàn sí i àti iye àwọn tó ní kò ní yí padà.
4. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan yí fóònù ká, àwọn yòókù ń ṣe ìdánrawò orí bọ́ọ̀dù. Ọmọ ni kí ó tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin.
5. Ẹ padà sí bọ́ọ̀dù, ẹ bi wọ́n pé ta ló gbà á.
6. Bí ẹ bá rí bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, wáyà àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì, ẹ tún un ṣe ní gidi. Ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tàn kì í kúrò lórí rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ìkìlọ̀: ẹ sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé bátìrì tọ́ọ̀ṣì nìkan ni. Kí ọmọ kankan má lọ ti wáyà bọ iná NEPA nílé. Ìkìlọ̀ kejì: bọ́ọ̀lù róbótó aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ elẹ́kítírọ́ọ̀nù níbẹ̀. Ẹ ṣàlàyé pé àpẹẹrẹ ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ á kọ ọ́ sínú ìdánwò pé elẹ́kítírọ́ọ̀nù ní àwọ̀.

### African Storybook àti StoryWeaver, fún ìwé kíkà

Olùkọ́ Pírámárì 1 sí 3, tiyín rèé. Ìṣòro yín ni pé ìwé ìtàn Yorùbá tó kúrú, tó ní àwòrán, tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé kà lè dá kà, kò pọ̀ ní ọjà. African Storybook, tí àjọ Saide ní Gúúsù Áfíríkà ṣe, kó ìtàn ọmọdé ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà jọ, Yorùbá sì wà nínú wọn. StoryWeaver, ti Pratham Books ní Íńdíà, náà ní ti Yorùbá. Àwọn méjèèjì gbà yín láyè láti gba ìwé sílẹ̀, láti tẹ̀ ẹ́ jáde, àti láti túmọ̀ rẹ̀.

1. Ẹ yan Yorùbá níbi tí wọ́n ti ń yan èdè, kí ẹ sì yan ìpele tó rọrùn jù.
2. Ẹ ka ìtàn náà sókè fúnra yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló kọ púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà ẹ lè bá àmì ohùn tó ṣì, tàbí gbólóhùn tó le bí òkúta. Ẹ tún un ṣe.
3. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní PDF. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan jáde. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ lè da àwòrán rẹ̀ kọ sí kádíbọ́ọ̀dù ńlá.
4. Ẹ kà á fún wọn lọ́jọ́ kìíní, ẹ jọ kà á lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n dá a kà lọ́jọ́ kẹta.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ yín náà lè kọ tiwọn. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi ìyá àgbà ilé wọn ní àlọ́ ìjàpá kan, kí kíláàsì yan ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́wàá, kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Ìkànnì náà ní àwòrán tí ẹ lè lò sí i.

### WAEC, fún olùkọ́ SS

Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ SS ló ń ra ìwé ìbéèrè àtijọ́ tí wọn kò sì mọ̀ pé WAEC fúnra wọn ní ìkànnì ẹ̀kọ́ tí ìròyìn àwọn ọ̀gá olùyẹ̀wò wà lórí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ `WAEC e-learning chief examiner report`. Ẹ yan iṣẹ́ yín, ẹ yan ọdún, ẹ ṣí ìbéèrè kan. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ohun tí olùyẹ̀wò kíyè sí: ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣubú àti ohun tó yẹ kí wọ́n kọ.

Ẹ ka ìròyìn ọdún mẹ́ta lórí àkòrí kan náà, kí ẹ kọ àṣìṣe tó ń padà wá sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ yín ti wà níbẹ̀. Mi ò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń sọ fún olùkọ́ báyìí, ní tààràtà, ohun tí àwọn ọmọ kò mọ̀.

### TESSA, fún ọgbọ́n ìkọ́ni

Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Áfíríkà ló jọ ṣe é, fún àwọn olùkọ́ tí kíláàsì wọn kún tí ohun èlò kò sì sí. Ó ní ìpín fún ìwé kíkà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ àti ìgbé-ayé ọmọ. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, àwòrán kò pọ̀, ẹ ó sì ní sùúrù. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti máa ní kí ẹ lọ ra ohun tí kò sí ní Ọjà Atákúmọ́sà.

### Àwọn yòókù ní ṣókí

- Khan Academy: ìkànnì ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó ní fídíò. Fún ẹ̀yin fúnra yín ni, bí ìṣirò kan kò bá yé yín tó. Ẹ wò ó lálẹ́, ẹ pa á tì, ẹ fi ẹnu ara yín kọ́ ọ.
- Nigeria Learning Passport: UNICEF àti Mínísírì Ètò Ẹ̀kọ́ Àpapọ̀ gbé e jáde ní 2022. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ tẹ̀ lé kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù tiwa.
- GeoGebra: fún gíráàfù àti jiọ́mẹ́tìrì ní JSS àti SS.
- Wikimedia Commons: àwòrán tí ẹ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ ẹni tó yà á wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ara iṣẹ́ yín.
- Wikipẹ́díà Yorùbá: ó dáa fún ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ṣùgbọ́n àwọn àyọkà kan kúrú gan-an. Ẹ máa fi ti Gẹ̀ẹ́sì wé e.

## Sísọ ọ́ di ti Ifẹ̀ àti ti Iléṣà

Ìmísí tí ẹ ń wá kò pin sí orí fóònù. Ohun tí ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, egungun rẹ̀ nìkan ni kí ẹ mú, kí ẹ fi ẹran àdúgbò yín bò ó.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tí ọmọ kò mọ̀: píńsà, yìnyín, dọ́là, íǹṣì. Ní ti ìdá, ẹnìkan á sọ pé kí a fi iṣu rọ́pò píńsà, ṣebí Ìjẹ̀ṣà ni wá. Ó dáa, àmọ́ orí iṣu tóbi ju ìdí rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gé e sí mẹ́rin, kò ní bára dọ́gba. Ẹ fi iṣu bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè jà lórí ẹni tó gba èyí tó kéré, kí ẹ wá mú bébà jáde, kí ẹ ká a sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ. Ìgbà yẹn ni "ọgbọọgba" máa yé wọn, tí wọ́n á sì fi ojú rí i pé bí ìpín ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i.

Àwọn ohun mìíràn tó wà nítòsí yín:

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, fún ìṣirò JSS. Ó ga ju mítà 5 lọ. Ẹ wá `measuring height using shadows` lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí ọ̀nà náà. Ẹ kọ́kọ́ fi òpó àsíá ilé-ìwé ṣe é: ẹ gbé igi mítà kan dúró, ẹ wọn òjìji rẹ̀, ẹ wọn òjìji òpó ní àkókò kan náà, kí wọ́n ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá wá mú wọn dé ibi Ọ̀pá lọ́jọ́ tí oòrùn ràn, wọ́n ti mọ iṣẹ́ wọn.

Orí idẹ Wúnmọníjẹ̀, fún iṣẹ́ ọnà àti ìtàn. Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, fọ́tò rẹ̀ sì wà lórí ìkànnì wọn àti lórí Wikimedia Commons. Ẹ fi hàn wọ́n, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Wọ́n á dárúkọ ìlà ojú, ihò etí irun, ètè. Ẹ ní kí wọ́n yà á. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ̀wé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwá lẹ́bàá ààfin, kí ẹ kó wọn lọ wo àwọn tó wà nílé. Ẹ kọ̀wé náà ṣáájú; ẹ má kàn kó ọmọ lọ.

Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, fún jọ́gíráfì. Wọ́n ní ìpele méje ló ní. Ẹ wá fídíò kúkúrú kan lórí bí omi ṣe ń gé àpáta títí yóò fi di ìṣàn-ọ̀sọ̀rọ̀, kí ẹ fi ìpele Olúmirin ṣàlàyé rẹ̀.

Wúrà agbègbè Iléṣà, fún àkòrí àlùmọ́ọ́nì. Fóònù yín á fún yín ní àwòrán àpáta tí wúrà ń wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ fúnra wọn á sọ ohun tí wíwa kòtò ń ṣe sí odò abúlé wọn, ìyẹn sì ni apá tí ìwé kíkà kì í tẹnu mọ́. Ẹ má kó ọmọ lọ sí etí kòtò o. Fọ́tò tó.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Natural History ní OAU, fún bàólójì. Ẹranko àti ewéko tí ẹ ti wò lójú fóònù, wọ́n á rí i ní ojúkorojú.

Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa rí. Ẹ má bẹ̀rù láti kọ́kọ́ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Modákẹ́kẹ́ níbí, ní St. Stephen's "A", ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára wọn.

## ChatGPT, Gemini àti irú wọn

Ẹ̀rọ AI tí à ń bi ní ìbéèrè tó sì ń dáhùn ni wọ́n. Wọ́n wúlò, mo ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n á fi ìgboyà sọ irọ́ fún yín, ojú wọn ò sì ní yẹ̀.

1. Ẹ sọ gbogbo ohun tó wà lórí ìwé yín fún un: "Mo ń kọ́ Pírámárì 4 ní ìdá. Ọmọ márùndínláàádọ́ta ni wọ́n. Bébà, okùn àti ṣọ́ọ̀kì nìkan ni mo ní. Wọ́n gbà pé ìdá kan nínú mẹ́jọ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Fún mi ní eré márùn-ún tí mo lè fi tún èyí ṣe, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má kọjá ogún ìṣẹ́jú."
2. Ẹ mú ọ̀kan. Ẹ ju mẹ́rin nù.
3. Ẹ yanjú gbogbo ìṣirò tó bá fún yín pẹ̀lú ọwọ́ yín kí ẹ tó kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù.
4. Ẹ má fi orúkọ ọmọ, máàkì wọn tàbí fọ́tò wọn sínú rẹ̀.

Mi ò ní gbé ìtàn Ifẹ̀, oríkì tàbí orúkọ oyè lé e lọ́wọ́. Àgbà àdúgbò tàbí ìwé ni kí ẹ bi. Yorùbá tó bá kọ náà, ẹ yẹ àmì orí rẹ̀ wò lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì.

Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá tó ń béèrè bí a ṣe ń fi fóònù kọ àmì: ẹ lọ sí Settings Gboard (kíbọ́ọ̀dù Google), ẹ tẹ Languages, ẹ fi Yorùbá kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tẹ fáwẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ díẹ̀, àmì ohùn á jáde.

## Ohun tó ń ṣe àkóbá fún olùkọ́

- Líǹkì orí WhatsApp. "Ìjọba ń fún olùkọ́ ní laptop ọ̀fẹ́, ẹ tẹ ibí." Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìkànnì ẹ̀kọ́ kankan kò nílò BVN tàbí PIN yín. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí `.apk`, kì í ṣe nóòtì. Ẹ pa á rẹ́.
- Dídà kọ láì kà. Ọ̀gá tó wá ṣe àbẹ̀wò ṣí nóòtì yín, ó bá "on a snowy morning" níbẹ̀. Kí lẹ fẹ́ sọ?
- Sípẹ́lì Amẹ́ríkà. `Color`, `center`: àwọn ọmọ á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò. Ẹ yí i padà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.
- Fọ́tò ọmọ lórí Facebook. Ẹ gba àṣẹ òbí kí ẹ tó gbé e síta. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 fi ọ̀rọ̀ ọmọdé sábẹ́ ìfọwọ́sí òbí tàbí alágbàtọ́.
- Ohun olóhun. Ìwé tí ẹnìkan ń tà, tí wọ́n wá jí gbé sórí Telegram, olè ṣì ni. Bí ẹ bá rí CC BY (àmì ìyọ̀ǹda Creative Commons) lára iṣẹ́ kan, ẹ lè lò ó, kí ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín. Bí NC bá wà níbẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ tà á. Bí ND bá wà níbẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ pín èyí tí ẹ yí padà.

## Bí dátà bá wọ́n tàbí tí kò sí rárá

1. Ẹ wọ WhatsApp, Settings, Storage and data, kí ẹ pa gbígba fọ́tò àti fídíò fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ olùkọ́ kan ṣoṣo lè jẹ dátà ọ̀sẹ̀ kan tán.
2. Lórí YouTube, ẹ dín dídára fídíò kù sí 360p tàbí 144p. Ẹ ó ṣì máa gbọ́ ohùn rẹ̀.
3. Ẹ kó olùkọ́ mẹ́rin jọ. Ọ̀kan gba ti ìṣirò sílẹ̀, ọ̀kan ti sáyẹ́ǹsì, ọ̀kan ti ìwé kíkà, ọ̀kan ti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ fi Bluetooth tàbí Quick Share pín in láàrin ara yín. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.
4. Bí ilé-ìwé bá ní kọ̀ǹpútà kan, ẹ wá ẹni tó máa fi Kolibri, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, sí i. Ibi tí dátà bá ti wà ni ẹ ti máa kó ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà náà á máa pín in fún fóònù àwọn yòókù láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kiwix náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Wikipẹ́díà. Ẹ wo ìwọ̀n fáìlì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì lódindi tóbi gan-an, ti Yorùbá kéré.
5. Tábúlẹ́ẹ̀tì Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Ọ̀ṣun pín láti 2013, bí ọ̀kan bá ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ìwé yín, ẹ so ó mọ́ iná kí ẹ wò ó. Bí ó bá tàn, ẹ ti rí ohun èlò kan sí i.

## Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

- [ ] Mo ti ka ohun tí mo gbà sílẹ̀ tán, mo sì ti ṣe ìdánrawò rẹ̀ fúnra mi.
- [ ] Mo pa dátà, ó ṣì ṣí.
- [ ] Fóònù mi kún, páwà báǹkì náà kún.
- [ ] Mo ti yọ píńsà àti yìnyín kúrò.
- [ ] Mo ní ìbéèrè kan tí màá kọ́kọ́ bi wọ́n kí n tó fi nǹkan kan hàn wọ́n.
- [ ] Bí fóònù bá kú láàrin iṣẹ́, mo ti ya gbogbo rẹ̀ sí kádíbọ́ọ̀dù.